Ìka tó yẹ̀ ní Mopa

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ọyẹ́ ti wọlé sí Kàbà, ọmọńdinrín ọwọ́ òsì mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ìka yìí yẹ̀ ní Mopa, lórí pápá kan tó jẹ́ kìkì ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́. Èmi ni kípà. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù kíkan, mo na ọwọ́ sí i gbọnrangandan, ìgbọ̀nwọ́ mi kò ká rárá. Mo gbọ́ "kọ́". Bàbá kan tó ń to eegun fi òrí wọ́ ọ, ó sì fi ọparun wẹ́wẹ́ dì í. Gbogbo èèyàn ní ọwọ́ mi kò le tó ni. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi ló le jù.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní SS1, tó jẹ́ kípà wọn, bi mí pé, "Sà, kí ló dé tó fi ń dùn mí jù tí mo bá fi ẹ̀ṣẹ́ lé bọ́ọ̀lù padà ju ìgbà tí mo bá gbá a mú lọ?" Mo ní kó jẹ́ ká jáde sí pápá.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ní kó gbàgbé ni pé ipá ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń bá bọ́ọ̀lù rìn. Rárá o. Ní kété tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tán. Ó kù òòfà ilẹ̀ tó ń fà á wálẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń dí i lọ́nà. Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ ọ́ láti 1687: ipá ló ń yí ìrìn nǹkan padà. Ìrìn yẹn, eré tí nǹkan ń sá nìkan kọ́, ibi tó kọjú sí wà nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ká ní bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ní mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá gbá a mú, 20 yẹn ló pa. Tó bá fi ẹ̀ṣẹ́ lé e padà ní 10, 30 ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó jẹ gbèsè 20 náírà, tó san án tán, tó tún wá ní 10 lápò, ṣé kì í ṣe 30 ló wá? Ó rẹ́rìn-ín, ó ti yé e.

Èyí tó kàn mí jù ni ti àsìkò. Bọ́ọ̀lù yẹn wọ̀n tó 430 gíráàmù. Bí ọwọ́ gígan bá dá a dúró láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá, ipá tó bọ́ sórí ọwọ́ jẹ́ Newton 860 (orúkọ bàbá yẹn la fi ń pe ìwọ̀n ipá), ìwúwo tó ju àpò sìmẹ́ǹtì kan àbọ̀ lọ. Bí ọwọ́ bá ń fà sẹ́yìn pẹ̀lú bọ́ọ̀lù títí ó fi kan àyà, tí àsìkò náà di ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, 172 péré ni. Bọ́ọ̀lù kan náà, eré kan náà. Báyìí la ṣe ń gba máńgòrò tí ẹnì kan jù sílẹ̀ látorí igi: ọwọ́ a máa bá a lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà fọ́. Ká ní ẹnì kan sọ èyí fún mi ní Mopa!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù sí i. Ẹ̀ẹ̀kíní, "pàá!" Ó gbọn ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, "pàá" náà ni. Mo ní kó tẹ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé, kó sì gbé e wá sí àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ìró rẹ̀ yí padà: "bùù". Ó dúró, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ju bọ́ọ̀lù náà padà sí mi.

"Sà, ẹ tún gbá a. Ẹ jẹ́ kó le ju ìyẹn lọ."