Jákẹ́ẹ̀tì ẹtù mi: ibi tí mo bá a dé

Sátidé. Ọyẹ́ ti dé Iléṣà. Kí ọ̀kadà tó gbé mi dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, etí mi á ti kú. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń sọ pé n ó fọwọ́ ara mi rán jákẹ́ẹ̀tì, oníláínìn gidi. Máṣìnì ẹlẹ́sẹ̀ wà nílé, àwáwí ti tán.

Ọjà Àtàkúmọ̀sà ni mo ti ra ẹtù àti láínìn. Tóóró-tóóró ni ẹtù náà wà bí wọ́n ṣe hun ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 4½. Mo bẹ ìyá aláṣọ pé kí n san ìdajì owó ná. Ó rẹ́rìn-ín: “Ìwọ ọmọ òṣómàáló, ìwọ náà lo tún ń ra àwìn?” Àwọn baba wa ló ń gbé aṣọ kiri, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi pé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Mo sanwó.

Sọ́ńdè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra pátáánì, àwòrán tí a ń gbé lé aṣọ láti gé e, PDF olójú-ewé 34. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gé etí bébà, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n pọ̀ sílẹ̀ pálọ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Bí màmá télọ̀ tó wà lójúde wa ṣe wọlé wá tọrọ iyọ̀ nìyẹn, ó dúró, ó ń wo ilẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Pátáánì jákẹ́ẹ̀tì ni, mà.”

“Ta lo fẹ́ rán an fún?”

“Èmi fúnra mi ni, mà.”

Ó wo èjìká mi, ó wo bébà. “Kò ní gbà ọ́.” Ó mú iyọ̀, ó lọ.

Inú bí mi díẹ̀. Màmá kì í fi bébà gé aṣọ. Téèpù àti ṣọ́ọ̀kì ni tiwọn, orí aṣọ gan-an ni wọ́n ti ń gé e, bí ọ̀pọ̀ télọ̀ wa ṣe ń ṣe. Mo rò pé bébà ni wọ́n ń bá jà. Láti 1863 ni Ebenezer Butterick, télọ̀ ará Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ti ń ta pátáánì oníbébà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n. Bó bá gba ará ibẹ̀, kí ló dé tí kò ní gba èmi?

Mọ́ńdè, alẹ́. Mo rántí àpótí kékeré tí wọ́n yà sójú ewé kìíní, èyí tí wọ́n ní kéèyàn wọ̀n kó tó gé ohunkóhun. Sẹ̀ǹtímítà 10 ló yẹ kó jẹ́. Mo fi rúlà lé e: 9.6. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún un mọ́ ojú bébà, kò fi í sí 100%, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́, èmi náà ni n kò sọ fún un. Àyà jákẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó jẹ́ ínṣì 44 ti di 42 àti díẹ̀, apá sì ti fi bí ínṣì kan kúrú. Àyà tèmi jẹ́ 40, mo sì fẹ́ wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí rúlà fi hàn mí, màmá ti fi ojú lásán rí i. Mo tún un tẹ̀, mo tún un lẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹtù a máa tú létí bí a bá ti gé e, nítorí náà n kò gé e bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ rán tóóró mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ fún ìdajì ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, mo fi áyọ́ọ̀nù lẹ sítéè, aṣọ tí a fi ń mú aṣọ dúró, mọ́ inú rẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó gbé bébà lé e. Ìlà funfun ẹ̀yìn méjèèjì pàdé láàárín gbọọrọ. Ti iwájú yẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sọ fún màmá.

Sátidé kejì. Apá! Orí apá inú pátáánì fi ínṣì 1¼ gùn ju ihò tí a ó rán an mọ́ lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí èjìká lè rọ̀. Ìránsọ gígùn méjì lèèyàn máa ń rán síbẹ̀, á wá fa òwú díẹ̀díẹ̀ títí á fi wọ̀. Wúùlù á gbà fún èèyàn, oru áyọ́ọ̀nù á sún un kì. Ẹtù kò gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ká jọ bí ètè àgbàlagbà tí kò léyín. Mo gbé e tọ màmá lọ. Wọn ò tilẹ̀ bọ́ dígí ojú wọn. “Gé orí rẹ̀ kúrò díẹ̀, jẹ́ kí ìdajì ínṣì péré ṣẹ́kù fún un.” Mo gé e. Ó jókòó.

Sọ́ńdè. Láínìn. Láàárín ẹ̀yìn rẹ̀, mo ṣẹ́ ínṣì kan po, kí ó má baà ya nígbà tí mo bá nawọ́ síwájú. Mo rán gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹtù yíká, mo fi ihò kan sílẹ̀ nínú láínìn apá òsì, mo wá fa odindi jákẹ́ẹ̀tì gba ibẹ̀ jáde, bí ẹni ń yí ìfun ẹran láti fọ̀ ọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo pe àwọn ọmọ wá wò ó. Mo wọ̀ ọ́. Ọwọ́ òsì wọlé, ti ọ̀tún há ní ìgúnpá: láínìn apá náà ti lọ́ kí n tó rán ẹnu rẹ̀ mọ́ ti ẹtù. Mo tún yí gbogbo rẹ̀ padà, mo tú ẹnu apá náà.

Ó ku ihò bọ́tìnnì. Màmá ní àwọn á bá mi fọwọ́ ṣe é lọ́jọ́rú, kí n mú iyọ̀ dání bí mo bá ń bọ̀.