Káàdì ta ni? Ọ̀rọ̀ nípa self àti this

Bí a bá kọ class kan (àwòṣe tí a fi ń ṣẹ̀dá nǹkan) tí ń jẹ́ Akanti nínú Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí a sì ti inú rẹ̀ ṣẹ̀dá object méjì, ìyẹn àkántì méjì, ade àti bola, method fi_kun kan ṣoṣo, àṣẹ tí ń fi owó kún àkántì, ni àwọn méjèèjì jọ ń lò. Ó dà bí alájọ tí ń fi bírò kan náà sàmì sí káàdì gbogbo oníbàárà rẹ̀; kí ó tó sàmì, ó gbọ́dọ̀ mọ káàdì ẹni tí ó mú dání. self, orúkọ tí method fi ń pe object tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ni káàdì yẹn.

Nígbà tí a bá kọ ade.fi_kun(500), bí ẹni pé a kọ Akanti.fi_kun(ade, 500) ni Python ṣe ń kà á, àwa náà sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Ìdí nìyí tí self fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú nínú àkámọ́ nígbà tí a bá ń fi def kọ method. Ẹni tí ó bá kọ def fi_kun(owo) lásán yóò rí TypeError, ìkéde àṣìṣe, tí ń sọ pé nǹkan kan ṣoṣo ni method náà ń gbà ṣùgbọ́n méjì ni a fún un, yóò sì máa wá èkejì kiri, nígbà tí ó jẹ́ pé 500 nìkan ni ó kọ. ade ni àfikún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ self kúrò nínú àkámọ́ (èmi kò sí lára wọn), ṣùgbọ́n ní 2008, Guido van Rossum, ẹni tí ó dá Python sílẹ̀, ṣàlàyé ìdí tí kò fi ní kúrò.

Nínú Java, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, this ni ó ń ṣe iṣẹ́ self, ṣùgbọ́n a kì í kọ ọ́ sínú àkámọ́. Ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù ni this.owo = owo, níbi tí this.owo ti jẹ́ owó inú àkántì, tí owo sì jẹ́ iye tí a fún method; bí a bá kọ owo = owo, Java yóò gbà á, àmọ́ owó inú àkántì kò ní yí padà rárá.

JavaScript, èdè ojú-ìwé ayélujára tí òun náà ń lo this, ni ó le jù, nítorí pé bí a ṣe pe method ni ó ń pinnu ohun tí this jẹ́, kì í ṣe ibi tí a ti kọ ọ́. Bí a bá fi ade.fiKun lé bọ́tìnnì lọ́wọ́ nípasẹ̀ addEventListener, àṣẹ tí ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ ni this yóò di nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, ade kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń kọ () => ade.fiKun(500) dípò rẹ̀, irú ìkọ̀wé tí ó wọ inú èdè náà ní 2015. Python kò béèrè irú ìṣọ́ra yìí lọ́wọ́ wa: bí a bá kọ g = ade.fi_kun, tí a sì pe g(500) níbi yòówù, àkántì ade náà ni owó ń wọ̀.