Ọdún Tí Mo Padà Rí Ìtàgbè

Àyẹ̀wò ọdún tèmi rèé. Ní ti owó, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ebi ò pa wá sùn. Aṣọ ẹgbẹ́ Ojúde Ọba ló gbé ṣọ́ọ̀bù wa dìde. Bí ọjọ́ kẹta Iléyá ṣe kọjá báyìí ni ọwọ́ dilẹ̀. Mo san gbèsè máṣíìnì tán lóṣù kẹsàn-án. Ó tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé kan ní Ìjẹ̀bú níbí ló gba ọkàn mi jù.

Tọ́pẹ́ ọmọ mi ń múra ìdánwò WAEC. Ilé ò níná, ariwo máṣíìnì ò sì jẹ́ kó lè kàwé ní ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà rẹ̀ ló ní kó lọ gba káàdì. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa ò tó owó iṣẹ́ bùbá kan. Mo tiẹ̀ bi wọ́n bóyá ti oṣù kan ni, wọ́n ní ti ọdún gbáko ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ mú un, òjò ká mi mọ́bẹ̀. Bàbá tó ń tọ́jú ìwé ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ má kàn jókòó lásán. Kí lẹ fẹ́ kà?" Mo ní, "Aṣọ nìkan ni mo mọ̀, sà." Bàbá lọ sẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ ẹ̀wù wọn nu eruku ara ìwé ńlá kan, wọ́n ṣí i síwájú mi. Àwòrán ìtàgbè ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń pè ní Ògbóni níbòmíràn, mọ ìtàgbè, aṣọ tí àwọn àgbà ń fi lé èjìká. Òwú rẹ̀ a máa yọ sókè bí inú ṣàkì màlúù, ṣàkì náà sì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ara rẹ̀. Òwú etí rẹ̀ a wá rọ̀ jọwọlọ. Ìyá ìyá mi hun irú rẹ̀, lórí òfì àwọn obìnrin, èyí tó máa ń dúró lóòró. Nígbà tí wọ́n kú tí a pín ẹrù wọn, àjákù kan kàn mí. Ọdún méjì ni mo fi àjákù náà nu òróró máṣíìnì. N ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo sunkún níwájú ìwé yẹn, òjò ti dá, n ò dìde.

Èmi náà gba káàdì. Mo kà nípa Òṣífẹ̀kúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n jí gbé tà sóko ẹrú lọ́dún 1820, tó padà bá ara rẹ̀ ní Paris, tó ń ròyìn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fún òyìnbó Faransé kan títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1845. Mo kà pé aṣọ òfì Ìjẹ̀bú wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1759, tí wọn kì í gbowó ìwọlé. Èmi ò ní físà, ṣùgbọ́n mo ní káàdì.

Nígbà ọlidé, mo kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn l'Ékòó, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957. Owó ọkọ̀ wa ju owó ìwọlé lọ fíìfíì. Mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí lóṣù kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ń ka ojú ọta ìbọn ara rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìbéèrè ò tán lẹ́nu rẹ̀ títí a fi kọjá Ṣágámù.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ nínú ọkọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fowó lé irú ibi báwọ̀nyí, pé ohun tó pọ́ọ́kú kì í níyì. Inú bí mi gan-an. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan wà tó máa ń wá sí ilé ìkàwé wa lọ́sàn-án. Yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì níta, yóò nù ún lára ṣòkòtò, yóò tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó ṣí ìwé ẹ̀rọ tó ń kà. Tí wọ́n bá fowó lé e, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé jáde.

Màmá kan tó ṣì ń hun òfì ti gbà kí n wá kọ́ ọ lóṣù kìíní. Owó káàdì àwa méjèèjì fún ọdún tuntun ti wà nínú agolo bọ́tìnnì mi, mo ti sọ fún Tọ́pẹ́ pé kó má fọwọ́ kàn án.