Orí máṣíìnì ìránṣọ ni ẹsẹ̀ mi ti kọ́kọ́ padà gun kẹ̀kẹ́

Nínú ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sí, ojú ewé kan wà tí kò lórúkọ. "Ọ̀tún" àti "òsì" nìkan ló wà lókè rẹ̀. Lábẹ́ òsì, 18. Lábẹ́ ọ̀tún, 16. Itan èmi fúnra mi ni. Láàárọ̀ gbogbo Sátidé ni mo máa ń fi téèpù wọ̀n ọ́n, íǹṣì mẹ́rin sókè orúnkún, tí mo sì ń kọ déètì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé aṣọ ìyàwó ni mo fẹ́ gé. Mo ti sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí méjèèjì bá dọ́gba ni mo máa tó sọ ìtàn yìí. Wọn ò tíì dọ́gba. Ṣùgbọ́n mo gun kẹ̀kẹ́ dé Dùgbẹ̀, níbí ní Ìbàdàn, ní Sátidé tó kọjá, mo sì gùn ún padà wálé, inú mi dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra mọ́.

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Agbowó mọ̀ mí sí télọ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń wí o, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò. Orí Raleigh bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì tó pẹ́dà. Mo ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Epo tí à ń rà ní ìsàlẹ̀ ₦200 fún lítà kan fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó takisí náà sì tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ télọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn jókòó sójú kan: òní síìpù tán, ọ̀la oníbàárà ní òun ò fẹ́ bọ́tìnnì dúdú mọ́. Mo bá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, irú ti obìnrin tí kò ní irin gbọọrọ láàárín, mo so agbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ń gùn ún láti ilé mi ní Òróógùn wá sí ṣọ́ọ̀bù, àti láti ṣọ́ọ̀bù lọ sí Lebanon Street ní Dùgbẹ̀ níbi tí mo ti ń ra láíníǹ.

Ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kejì ọdún 2024, ọ̀nà Dùgbẹ̀ yẹn ni mo ti ń bọ̀. Láíníǹ yáàdì mẹ́fà àti síìpù dọ́sìnì méjì wà nínú agbọ̀n. Mo ti gun òkè Mókọ́lá, mo ti kọjá Sángo, mo ti wọ Sámọ́ńdà, mo ti ń ro ohun tí mo fẹ́ sè lálẹ́. Takisí kan dúró níwájú mi láti já èrò, ẹni tó wà lẹ́yìn sì ṣílẹ̀kùn sí ojú títì láìwẹ̀yìn. Mi ò ráyè tẹ bíréèkì. Etí ilẹ̀kùn ló gbá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ yí, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi há sábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tó kán. Ó dún gẹ́lẹ́ bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì ṣe máa ń dún tó bá ṣẹ́ sínú jíǹsì tó nípọn. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí.

Èrò pé lé mi lórí. Ọkùnrin kan ti di gìgísẹ̀ mi mú, ó ní òun fẹ́ fà á kó tọ́. Ìyá aláta kan tó ń pàtẹ lẹ́bàá títì ló pariwo mọ́ ọn pé, "Fi sílẹ̀! Má fà á! Ṣé ìwọ lo dá a ni?" Ó fọ́ àpótí tòmátì rẹ̀, ó yọ pákó méjì, ó fi ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, ó wá fa láíníǹ mi yọ nínú agbọ̀n ó sì fi í so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti òkè orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé mi wọ ọkọ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo dé ọsíbítù, dókítà béèrè ẹni tó dì í, ó ní ẹni náà ṣe dáadáa, torí pé ẹsẹ̀ tó kán tí wọ́n bá ń gbé kiri láìdè, etí eegun yẹn á máa gún ẹran àti iṣan inú rẹ̀ ni.

Eegun ojúgun ló kán, láàárín gan-an, àti èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi irin gbọọrọ kan gba orúnkún wọ inú ihò eegun náà, kí àwọn fi síkúrù dè é lókè àti nísàlẹ̀.

Ìyá mi ò fẹ́ gbọ́. Ó ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Mi ò bú wọn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣubú lórí igi ọ̀pẹ nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ wọn ló lọ, wọ́n kán adìyẹ kan lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n to tirẹ̀, ọjọ́ tí adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ ni wọ́n tú igi lẹ́sẹ̀ òun náà. Ó rìn. Ṣùgbọ́n mo tún mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tí wọ́n di tirẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ ò rọ́nà gbà, ẹsẹ̀ dúdú, wọ́n gé e. Mo sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni mò ń ṣe. Ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà tán tí mo délé, ó gbé àgbébọ̀ adìyẹ kan wá láti ọjà, ó tú u sí ẹ̀yìnkùlé mi. Kò kán an lẹ́sẹ̀. Ó kàn ní òun fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹyin rẹ̀ ni mò ń jẹ láàárọ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ bọ̀kọ́tọ̀ tí ìyá mi ń sè bíi pé eegun màlúù lè dìde kó wá lẹ̀ mọ́ tèmi.

Mi ò ní fi owó tó lọ síbẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Mo ta ẹ̀rọ wíífìn mi, èyí tí mo fi ń rán etí aṣọ kó má baà tú, mo sì bẹ àwọn tí a jọ ń dá àjọ kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó o.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dókítà gbé fọ́tò X-ray sókè síbi iná, ó fi bírò rẹ̀ tọ́ka sí ohun funfun kan tó rí bí ìkùukùu yí ojú ibi tó kán ká. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dì síbẹ̀, ara sọ ẹ̀jẹ̀ náà di ohun rírọ̀ tó dà bí etí èèyàn, ohun rírọ̀ yẹn ló wá ń di eegun díẹ̀díẹ̀. Mo ro pé kò ní pẹ́ parí. Àṣìṣe mi nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí. Eegun ń ṣe tirẹ̀, ẹran ara sì ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè ní nínà, ìyẹn ẹsẹ̀ tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò dìde. Mo pàṣẹ fún un, kò jẹ́ mi lóhùn. Mo fọwọ́ kan itan mi, ó rọ̀ bí fóòmù tí wọ́n ti jókòó lé fún ọdún mẹ́wàá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo mú téèpù.

Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú àwọn fisió, àwọn tó ń kọ́ ẹsẹ̀ bó ṣe máa padà ṣiṣẹ́, ló fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ká táwẹ́lì, fi sábẹ́ orúnkún, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ka ẹẹ́wàá. Fa gìgísẹ̀ wá sábẹ́ ìdí, nà án padà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ó ní kí n so ohun tó wúwo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo so àpò iyọ̀ kìlò kan. Mo ń ṣe é, àmọ́ ọkàn mi ò sí níbẹ̀, ọkàn mi wà ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì ti ń fi aṣọ Àjíǹde àwọn èèyàn ṣe ohun tó wù wọ́n.

Mo bá bi í léèrè bóyá mo lè jókòó sídìí máṣíìnì. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, Butterfly àtijọ́, torí iná ìjọba ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ ṣe é fún un: gìgísẹ̀ lọ sílẹ̀, ọmọ ìka lọ sílẹ̀, orúnkún ń ká ó ń nà, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí irin kan náà, ìwọ̀n ara èèyàn sì wà lórí àga. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe gan-an lẹ ń júwe yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ọ̀tún kàn ń tẹ̀ lé e bí ọmọdé tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Ojú ìránṣọ mi wọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà tú u láìsọ̀rọ̀, ó rán an míì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò, mo fi ọ̀tún nìkan rán etí ìrọ̀rí kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ṣì ní ìrọ̀rí náà. Itan ọ̀tún ti di 16½.

Oṣù keje ni X-ray fi hàn pé ó ti so. Mo ju ọ̀pá abẹ́ abíyá nù, mo sì lọ wo kẹ̀kẹ́ mi. Ìpẹtà ti mú ṣéènì, rìmù iwájú ti wọ́. Baba atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà lẹ́bàá Ọ̀jọ́ọ̀ na rìmù náà, ó pààrọ̀ sípóòkì mẹ́rin, ó sì yí dígí kékeré kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láìgba kọ́bọ̀ kún un. Ìyá mi wò mí láti ẹnu ọ̀nà. "Àbẹ̀kẹ́, ẹni ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló a sá." Mo ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ n dé ìta ná." Ó wọlé, ó kọ̀, kò wo bí mo ṣe ń gùn ún.

Pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo ti rẹ ìjókòó sílẹ̀ gan-an kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì lè tólẹ̀. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n ní alẹ́ iwájú orúnkún mi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n ń fi ìgò ha á. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ ìdí rẹ̀: tí ìjókòó bá lọ sílẹ̀ jù, orúnkún á ká jù ní gbogbo ìgbà tí pẹ́dà bá dé òkè, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti gba kí irin tó wọ inú eegun mi. Mo gbé e sókè ní ìka méjì. Ó dẹ̀. Mo tún gbé e ní ìka kan. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi ìbẹ̀rù pinnu bí ìjókòó yín ṣe máa ga tó.

Títì ni mo bẹ̀rù jù. Mo ra akoto. Mo kọ́ láti jìnnà sí ọkọ̀ tó bá dúró tó ìwọ̀n kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí tán kó má kàn mí, kódà bí àwọn tó wà lẹ́yìn mi bá ń fọn fèrè. Tí mo bá dé Sámọ́ńdà, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń fọwọ́ tì í kọjá, láti ọwọ́ òkè dé ibi tí mo ti ń rí ilé ìtura kan. Sátidé mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin mi ò sọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kẹ̀kẹ́ ò wò sàn. Mi ò lè kúnlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún kì í fẹ́ kan ilẹ̀ líle, irin yẹn ló fà á, dókítà sì ní ó wọ́pọ̀. Ẹ rò ó wò, obìnrin Yorùbá, ní Ìbàdàn, tí kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà. Oníbàárà mi kan tó dàgbà bí ìyá mi bínú sí mi fún oṣù kan torí mo bẹ̀rẹ̀ lásán nígbà tí mo kí i. Bí mo bá fẹ́ fi píìnì mú ìsàlẹ̀ gáàwùn lára èèyàn, ẹ̀gbẹ́ kan ni mò ń jókòó sí. Ó dùn mí ju àìlègùn kẹ̀kẹ́ lọ.

Sátidé tó kọjá, ọyẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, Cocoa House ò hàn dáadáa láti Mókọ́lá. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú bíréèkì méjèèjì lọ́wọ́, mo ra láíníǹ yáàdì méjìlá, mo sì padà. Òkè Mókọ́lá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, itan ọ̀tún ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù, mo sinmi lábẹ́ bíríìjì, mo mu omi, mo tún gùn. Ní Sámọ́ńdà mo dúró níwájú àtẹ ìyá aláta. Mo ti rán ọmọ iṣẹ́ mi wá dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ò tíì wá. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ju ṣíbí ìbùta sílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wá ibi tí mo máa fi orúnkún sí lórí òkúta wẹẹrẹ yẹn. Ó rí i lójú mi. Ó ní, "Dúró ná, ọmọ mi." Ó fa àpò ata tó ti ṣófo, ó ká a lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Mo kúnlẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà mo gé yáàdì mẹ́fà nínú láíníǹ náà fún un. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi láíníǹ ṣe. Mo ní kó fi í pamọ́ sábẹ́ àtẹ, pẹ̀lú pákó méjì.