Ọmọ Tó Wọn Kílò 4.6

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọkùnrin wa sórí òṣùwọ̀n ní ilé ìwòsàn tí mo bí i sí ní Ìbàdàn, kílò 4.6 ni wọ́n kà. Ayọ̀ gba inú yàrá náà kan, nítorí pé lójú tiwa, ọmọ tó bá tóbi ni ẹ̀rí pé a tọ́jú ìyá rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ẹni tó ń wọlé wá kí mi ló ń ní, "Ẹ kú ewu ọmọ! Ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀!" Inú mi dùn sí ìkíni wọn. Àmọ́ ó yẹ kí aboyún mọ ohun tó lè wà lẹ́yìn ìtóbi yẹn.

Kílò 2.5 sí 4 ni ọ̀pọ̀ ìkókó máa ń wọ̀n. Ìran lè fa kí ọmọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, oyún tó kọjá oṣù rẹ̀ náà lè fà á, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà inú oyún, èyí tí wọ́n rí lára mi, ni kò yẹ kí a gbójú fò. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá máa ń gba inú ibi ọmọ kọjá sí ọmọ, ara ọmọ á wá máa pèsè ínsúlínì (èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) púpọ̀ láti fi kojú rẹ̀, á sì sọ ṣúgà náà di ọ̀rá, pàápàá ní èjìká. Ìdí nìyẹn tí orí fi lè jáde kí èjìká sì há.

Bó ṣe rí fún mi gan-an nìyẹn. Orí jáde, ó sì tún fà sẹ́yìn. Agbẹ̀bí náà pe ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ó ní kí n má ti ọmọ mọ́. Nọ́ọ̀sì méjì ká itan mi mọ́ ikùn, ẹ̀kẹta fi ọwọ́ tẹ òkè egungun ojú ara títí èjìká fi yọ. Kò sẹ́ni tó tẹ òkè ikùn mi (ohun tí àwọn kan ṣì máa ń ṣe), nítorí pé ńṣe ni ìyẹn máa ń mú kí èjìká há sí i. Títí láé ni màá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí yẹn.

Wọ́n gún gìgísẹ̀ ọmọ láti yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, nítorí pé bí a bá ti gé ìwọ́, ṣúgà ìyá dáwọ́ dúró, ínsúlínì ọmọ sì ṣì pọ̀, èyí tó lè mú kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀. Ọmú ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i lẹ́nu. Wọ́n sì ń ṣọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà lára mi, torí pé ilé ọmọ tó ti fẹ̀ jù máa ń pẹ́ kó tó sún kì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 ni wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà yìí: aboyún á mu omi tí wọ́n po gúlúkóòsì sí, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí Màmá, ìyá ọkọ mi, gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, àwọn fúnra wọn ló mú àbúrò ọkọ mi, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́fà, lọ ṣe é.