Ìkéde òkú ló bọ́ mi, kì í ṣe òṣèlú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé báwo lẹ ṣe máa dá ilé iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, abẹ́ agboòrùn bàámi ní Sápọ́n nibí lèmi ti bẹ̀rẹ̀ o. Fẹ́ńdọ̀ tó ń ta ìwé ìròyìn ni wọ́n, kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti ń bá wọn tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárọ̀ kùtù, ká fi òkúta lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Àwọn bùọ̀dá tí ò ní kọ́bọ̀ lápò á dúró yí wa ká, wọ́n á ka àkọlé tán, wọ́n á máa pariwo lé ara wọn lórí nítorí òṣèlú àti bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì lọ láì ra ẹyọ kan. Àwọn tó ń rà á gan-an, àwọn ìyá ọlọ́jà àtàwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, ojú ewé òkú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, mi ò sì rí nǹkan kan.

MKO Abíọ́lá, olówó tó ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ló ń gùn mí nígbà yẹn. O ò lè dàgbà l'Ábẹ́òkúta kí wọ́n má sọ fún ẹ pé ó ta igi ìdáná ní kékeré, pé òun ni olóòtú The Trumpeter, ìwé ìròyìn ilé ìwé wọn ní Baptist Boys' High School, tí Ọbásanjọ́ jẹ́ igbákejì ẹ̀, pé ó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀ ní 1980. Èyí tẹ́nì kankan ò tẹnu mọ́ fún mi ni pé ìṣirò owó ló lọ kọ́ ní Glasgow kó tó dé ibẹ̀. Mo fo ìyẹn. Mo ṣe ọdún méjì ní rédíò kan (mi ò ní dárúkọ wọn, oṣù 7 ni wọn ò fi sanwó fún mi), ni mo bá ní èmi náà fẹ́ ní ìwé ìròyìn tèmi.

Ọdún 2011 nìyẹn. Ojú ewé 8, ẹ̀dà 1,000, Ṣómólú l'Ékòó ni mo ti lọ tẹ̀ ẹ́, owó àjọ tí ìyàwó mi kó ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo iwájú ìwé, èmi ni mò ń bú àwọn olóṣèlú. 760 ló padà wá bá mi nílé. Ìyá alákàrà kan ní Láfẹ́nwá ló rà á, bó ṣe wúwo tó ni wọ́n sanwó ẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta mo lọ ra àkàrà lọ́wọ́ wọn (ebi ń pa mí, ẹ má rẹ́rìn-ín), wọ́n sì fi orúkọ ara mi dì í fún mi, òróró ti mu gbogbo ìbínú mi tán.

Owó olóṣèlú ńkọ́? Mo gbà á lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbádùn ẹ̀, ó tán.

Mo ti fẹ́ pa iṣẹ́ náà tì nígbà tí ìyá aládìrẹ kan láti Ìtòkú wọlé, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kú, àwọn fẹ́ kó jáde nínú ìwé, kí n tó dá iye lé e wọ́n ti ń ka owó sílẹ̀. Mo gbà á, àmọ́ mo fojú kéré ẹ̀, èmi oníròyìn gidi! Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé àkọ́bí olóògbé sípò kẹta, mo sì fo ọmọ kan pátápátá. Láàárọ̀ Sátidé, èèyàn mẹ́fà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Bàbá kan nínú wọn ò tiẹ̀ pariwo, wọ́n kàn ní, "Ọmọ tó o yọ yìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn wà ní kóòtù. Ṣó o mọ̀ pé ìwé ẹ yìí ni wọ́n máa gbé síwájú adájọ́?"

Ara mi tutù. Mo tún un tẹ̀ lápò ara mi, mo fi ọ̀kadà gbé e lọ fún wọn n'Ítòkú. Látìgbà yẹn, tí wọ́n bá gbé ìkéde wá, èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ ka orúkọ àwọn ọmọ fún mi, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀. Ẹbí yẹn gan-an ló wá ń júwe mi fáwọn èèyàn, pé ọmọ yìí kì í jiyàn, ó ń tún un ṣe. Lóde ìsìnkú kan ṣoṣo mo ta ẹ̀dà 250. Mo fi ìwúyè kún un, mo fi iye tí gàárì àti àdìrẹ ń lọ lọ́jà kún un. Òṣèlú ṣì wà, ojú ewé 6 ló wà, owó òkú ló ń gbé e.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mi ò nílò láti ná owó ìyàwó mi kí n tó mọ̀. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ níbí l'Ábẹ́òkúta ní 1859, tí wọ́n ń tà ní 120 owó ẹyọ, ẹni tó kú, ẹni tí wọ́n bí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, iye owú, irú ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé àwa oníròyìn ní Òkè-Ìléwó, àìmọye ìgbà ni mo ti wọ ibẹ̀ lọ jókòó lọ mu mínírà.

Ìyá Ìtòkú yẹn ṣì wà o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé bébà kan wá, wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ọmọ tiwọn sí i tẹ̀lé ara wọn, àtọmọ ọkọ, kí n tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ tí àwọn bá lọ. Wọ́n wá ń bi mí bóyá iye tòní làwọn máa san àbí iye tìgbà yẹn.