Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìṣirò iná mànàmáná tí sáfà ń jẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ yìí, kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan ṣoṣo, ẹ mọ ibi tí mítà yín dúró sí. RAPL, ohun ìwọ̀n iná tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé sínú CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Sandy Bridge lọ́dún 2011, ń sọ iye iná tí CPU ń lò, ó sì ń sọ ti mẹ́mórì lórí ọ̀pọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí fáànù àti dísìkì ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ èyí tí ń di ooru dànù nínú ẹ̀rọ tí ń yí iná ògiri padà. Mítà ara ògiri ń rí gbogbo rẹ̀, àmọ́ kò lè sọ ẹ̀yà tí ó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá lè rí méjèèjì, ẹ lo méjèèjì.

Àwòṣe, ìyẹn ìlànà ìṣirò tí a fi ń díwọ̀n iná tí sáfà ń jẹ, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn kò le. Bí sáfà kan bá ń jẹ 100 wáàtì nígbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, tí ó sì ń jẹ 200 nígbà tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀, àwòṣe náà yóò sọ pé 150 ni yóò jẹ bí CPU bá ń ṣe ìdajì iṣẹ́. Lọ́dún 2007, Fan, Weber àti Barroso ti Google fi hàn pé irú ìṣirò tí ó gbára lé ìwọ̀n iṣẹ́ CPU nìkan bẹ́ẹ̀ súnmọ́ òótọ́ gan-an fún ọ̀pọ̀ sáfà lápapọ̀.

Fún sáfà kan ṣoṣo, ẹ má fọkàn tán an. CPU tí ń dúró de mẹ́mórì àti èyí tí ń ṣe ìṣirò líle láìsinmi lè fi ìwọ̀n iṣẹ́ kan náà hàn, síbẹ̀ iná tí wọ́n ń jẹ kò dọ́gba. Ìyára aago CPU (iye ìgbésẹ̀ tí ó ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan) náà ń yí padà, fóltéèjì sì ń bá a lọ sókè sódò. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé bí fóltéèjì ṣe di ìlọ́po méjì ni iná tí iṣẹ́ ń fà yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìdajì iṣẹ́ lórí ìyára kékeré kò lè dọ́gba pẹ̀lú ìdajì lórí ìyára ńlá. Fáànù tún wà níbẹ̀: bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, iná tí ó ń jẹ yóò súnmọ́ ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí náà ooru yàrá gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dán àwòṣe yín wò, ẹ gbé iṣẹ́ tí kò rí rí fún un. Bí ẹ bá kàn pín àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ṣoṣo sí méjì, tí ẹ fi apá kan ṣe àwòṣe, tí ẹ sì fi èkejì dán an wò, ìṣẹ́jú àáyá tí ó tẹ̀ léra jọra púpọ̀, àbájáde yóò sì dára ju bí ó ti yẹ lọ.